Igi Kan Kì í Dá Igbó Ṣe

Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: ẹnì kan ṣoṣo kò tó ìlú. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́, bí owó tí wọ́n ń dá kò bá pé, òwe yìí ni alága máa ń kọ́kọ́ fà yọ. Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn sílẹ̀ ná, ká wo igi fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń gbé ní Ibo Road, ní Sabon Gari ìlú Kano, kò rí igbó kankan. Láti nǹkan bí 1912 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kó àwọn ará gúúsù dé Kano ni àdúgbò náà ti ń kún, ilé fara kan ilé. Síbẹ̀, irú tí ìyá Yorùbá ń fi se ọbẹ̀ níbẹ̀, igi ló ti wá. Igbá là ń pe igi náà, Hausa ń pè é ní dorawa, wọ́n sì ń pe irú rẹ̀ ní daddawa. Inú oko ọkà bàbà àti jéró ló wà, ó dá dúró, ìkejì rẹ̀ wà lókèèrè.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé igi ìdáná tí Kano ń jó ló ń sọ oko àyíká rẹ̀ di aṣálẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1990, àwọn olùwádìí Cline-Cole, J. A. Falola, Mortimore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwé jáde lórí igi ìdáná ní Kano. Wọ́n rí i pé ní àwọn abúlé tó yí ìlú ká, níbi tí èèyàn ti lé ní 300 lórí kìlómítà onígun mẹ́rin kan, igi inú oko kò dín kù láàárín àwọn ọdún 1970. Igbó tó jìnnà ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń lọ gé igi, níbi tí kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n pé kí ló dé. Oko ní olóko, igi inú rẹ̀ sì ní ẹni tó ni ín. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó gbé igi wọ ìlú látinú oko wọ̀nyẹn, ìgbẹ́ ẹran àti ilẹ̀ gbígbá láti agboolé ló máa ń rù padà lọ fún oko.

Ìyàtọ̀ kan wà níhìn-ín tí àwọn aláṣẹ kì í fẹ́ gbọ́: gbígbin igi yàtọ̀ sí dídá igi sí. Ẹni tó gbin igi yóò gbẹ́ kòtò, yóò bomi sí i, yóò ya fọ́tò, ọ̀gbẹlẹ̀ yóò sì dé. Ẹni tó dá igi sí kàn yí ọkọ́ rẹ̀ kọjá lára èéhù igi tó hù fúnra rẹ̀ ni. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó sì mọ èyí tó ń dá sí. Igi tí Hausa ń pè ní gawo, fún àpẹẹrẹ, a máa wọ́wé nígbà òjò, kí oòrùn lè dé ara jéró. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé, tí màlúù ń jẹ èso rẹ̀. Ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, ìrìn díẹ̀ sí àríwá Katsina, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Tony Rinaudo bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn àgbẹ̀ sí irú iṣẹ́ yìí ní 1983. Nígbà náà, ìjọba ló ni igi lábẹ́ òfin, ẹni tó bá gé e yóò sanwó ìtanràn, nítorí náà àgbẹ̀ a tètè fà á tu kó tó di igi ìjọba. Bí ìjọba ṣe dẹ òfin náà ni igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ilẹ̀ tó padà ní igi ní orílẹ̀-èdè Niger tó nǹkan bí mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà.

Ẹ tún wo àdán, tí àwọn kan ń kà sí ẹran àjẹ́. Lálẹ́ ni òdòdó igbá ń là, pupa, róbótó, ó rọ̀ sísàlẹ̀. Ní 1957, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Baker àti Harris, kọ̀wé láti inú ohun tí wọ́n rí ní Ghana pé àdán tó ń lá omi dídùn inú rẹ̀ ló ń gbé àtíkè òdòdó láti igi dé igi. Kòkòrò oyin pẹ̀lú ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí igi bá jìnnà síra jù, iṣẹ́ náà yóò dín kù, èso yóò sì dín kù. Igi inú oko kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibùdókọ̀ fún àdán, bí oko kan tilẹ̀ jẹ́ ti Audu, tí èkejì jẹ́ ti Sani.

Òwe wa ńkọ́? Òótọ́ ni, igi kan kò dá igbó ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ igi kan-kan, nínú oko olóko, ń ṣe iṣẹ́ tí igbó ń ṣe, wọ́n sì ń dúró nígbà tí igbó tí kò ní ẹni tó ni ín bá tán.

Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá Great Green Wall, iṣẹ́ láti fi igi dènà aṣálẹ̀, sílẹ̀ ní 2007. Nàìjíríà ṣòfin àjọ tirẹ̀ fún un ní 2015. Gbígbin ni etí àwọn ará ìlú mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, kí wọ́n tó kó ọmọ igi sọ́kọ̀, èmi ìbá ní kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ burtali, ọ̀nà màlúù tí oko ń jẹ wọ̀ lọ́dọọdún, kí ẹran má bàa ya wọ oko jẹ èéhù igi, kí wọ́n sì sọ fún àgbẹ̀ tó fi owó yá ilẹ̀ fún ọdún méjì péré ta ni yóò ká èso dorawa tó bá dá sí.