Lon Chaney: Ọmọ Adití Tí Ó Fi Ojú Sọ̀rọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òwe yìí bá ìgbésí ayé Lon Chaney mu rẹ́gí. Òṣèré sinimá aláìlóhùn ni ọkùnrin yìí. Ìlú Colorado Springs ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti bí i ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1883.

Adití ni bàbá rẹ̀, adití sì ni ìyá rẹ̀. Ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Nígbà tí àìsàn làkúrègbé dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, Chaney fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kékeré láti tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ìta ni ó máa ń fara ṣàpèjúwe fún un. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àdánù ni èyí. Àṣé iṣẹ́ ni ọmọ náà ń kọ́.

Sinimá ayé ìgbà náà kò lóhùn. Àkọlé kéékèèké ni a ń kà láàárín àwòrán, ara òṣèré ni ó sì ń sọ ìyókù. Nínú The Hunchback of Notre Dame (1923), Chaney ṣe Quasimodo, abuké tí ariwo agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ di adití. Ọmọ adití ni ó wá ṣe adití fún gbogbo ayé wò! Nínú The Phantom of the Opera (1925), ojú rẹ̀ dàbí agbárí òkú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pa ojú rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní ọkùnrin ẹlẹ́gbẹ̀rún ojú.

Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ òṣèré. Chaney náà kò tètè dá sí i. Ní ọdún 1930, ó fọhùn nínú The Unholy Three, ohùn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì lò. Ó ṣe ni láàánú pé fíìmù afọhùn kan ṣoṣo tí ó ṣe nìyẹn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún náà, ó jáde láyé ní ẹni ọdún 47.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, a máa ń yin ẹni tí ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, a sì máa ń fojú di ẹni tí kò lè fọhùn. Èdè tí aráyé ń fojú di ni ogún tí àwọn òbí Chaney fi lé e lọ́wọ́, òun náà ni ó sì gbé e dé ipò ọlá.