Ogúnléndé àti Ilé Baba: Ẹ̀kọ́ láti Cissin

Ní apá gúúsù ìlú Ouagadougou, tí í ṣe olú-ìlú Burkina Faso, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Cissin. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì ń jẹ́ Upper Volta, ìjọba ibẹ̀ àti Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè fi àdúgbò yìí ṣe àpẹẹrẹ ètò ilé gbígbé, kí àwọn tí ń rọ́ wọ ìlú lè rí ilẹ̀ kọ́lé sí. Cissin àti àwọn àdúgbò ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dẹ́kun àti máa gba àlejò títí di òní. Ṣùgbọ́n àlejò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ọmọ onílẹ̀ ni. Òkèèrè ni a ti lé e padà sí ilé baba rẹ̀, ilé baba tí ọ̀pọ̀ irú wọn kò fi ojú rí rí kí ó tó di ọjọ́ náà.

Ìtàn náà ti pẹ́. Ní ọdún 1932, ìjọba Faransé tú ilẹ̀ Upper Volta ká, ó pín in fún àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká, èyí tí ó tóbi jù nínú rẹ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ Ivory Coast. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rọrùn láti máa kó àwọn Mọ́sí lọ sí oko kòkó àti oko kọfí ní gúúsù, a kì í sì í bi wọ́n bí wọ́n bá fẹ́. Nítòsí ìlú Bouaflé, a tẹ àwọn abúlé dó fún wọn, a sì fi orúkọ àwọn ìlú ilé wọn sọ wọ́n: Garango, Koudougou, Koupéla, Tenkodogo. Ní 1946, òfin fi òpin sí iṣẹ́ ipá. Ní 1947, Upper Volta padà sí ipò rẹ̀. Ní 1954, ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Abidjan wá dé Ouagadougou. Nígbà náà, kò sí ẹni tí a ń fi agbára mú mọ́. Owó ni ó ń pe ènìyàn. Wọ́n bí ọmọ sí oko kòkó, àwọn ọmọ náà sì bí ọmọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yí padà ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn olóṣèlú Ivory Coast bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tí í ṣe ojúlówó ọmọ ilẹ̀. Òfin ọdún 1998 sọ pé ọmọ ilẹ̀ nìkan ni ó lè ní ilẹ̀ oko. Ní 1999, ìjà ilẹ̀ ní agbègbè Tabou lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Burkina Faso kúrò lóko wọn. Nígbà tí ogun sì bẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ìjọba Burkina Faso ṣe ètò láti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wálé, ó sì pe ètò náà ní Bayiri. Àwọn tí ètò yìí kó kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ó wá ọ̀nà ara wọn wálé: àwọn wọ̀nyí ju 300,000 lọ. Ní èdè àwọn Mọ́sí, ìtumọ̀ Bayiri ni ilé baba. Faso tí ó wà nínú orúkọ orílẹ̀-èdè náà pẹ̀lú, ilé baba ni ní èdè Jùlá.

Báwo ni ilé baba ṣe gba ọmọ tí a bí sí òkèèrè? Wọ́n fún un ní orúkọ kan, «diaspo». Faransé tí ó ń sọ ní ìró Abidjan, èdè Mọ́sí sì lè má dán mọ́rán lẹ́nu rẹ̀. Ní ibi tí a bí i sí, wọ́n ní ará Burkina Faso ni. Ní Burkina Faso, wọ́n ní ọmọ Ivory Coast ni. Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ àgbà ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni pé kí ó kọ́ èdè baba rẹ̀, kí ó mọ àṣà ilé, kí ó sì gbàgbé èyí tí ó ti kọjá. Ìdajì ìmọ̀ràn náà dára púpọ̀. Ìdajì kejì ni a kò fara mọ́.

Yorùbá kò ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwa ni a ni orúkọ náà, ogúnléndé, tí ó sọ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ohun tí ó ṣe ẹni tí ń jẹ́ ẹ. Ní nǹkan bí ọdún 1830, àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti fọ́ ìlú wọn tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ lọ sí abẹ́ àpáta Olúmọ. Wọ́n kó orúkọ àwọn ìlú wọn dání: Aké, Ìkíjà, Ìtòkò, Ìgbẹ̀in àti àwọn yòókù di àdúgbò nínú ìlú tuntun, gẹ́gẹ́ bí Koudougou ti di abúlé lẹ́bàá Bouaflé. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n pe ìlú náà ní Abẹ́òkúta, èyí ni pé wọ́n fi ibi tí wọ́n sá sí ṣe orúkọ. Ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá dárúkọ ìlú rẹ̀ ti sọ ìtàn ìsásálà àwọn baba rẹ̀ láìmọ̀. Ohun méjì ni wọ́n pa mọ́: ilé tí wọ́n ti wá, àti bí a ṣe lé wọn.

Ǹjẹ́ àwa tí a tẹ̀lé wọn ṣe bẹ́ẹ̀? Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia ní ilẹ̀ Gánà pàṣẹ pé àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á tàbí kí ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìkànìyàn ọdún 1960 ti fi hàn pé Yorùbá tí ó wà ní Gánà tó nǹkan bí 100,000. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìníṣà, Ṣakí àti ìlú mìíràn ni wọ́n. Wọ́n ń tajà láti Accra títí dé Tamale. Àwọn Mọ́sí pẹ̀lú wà nínú Zongo Kumasi, àṣẹ kan náà ni ó sì bá wọn. Bí ọ̀nà àwọn kan ti dorí kọ Ouagadougou ni ọ̀nà àwọn mìíràn dorí kọ Nàìjíríà, níbi tí ogun abẹ́lé kò tíì parí. Ìpọ́njú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn sọ ará Cissin àti ará Ògbómọ̀ṣọ́ di ìbátan.

Àwọn tí ó padà wálé kọ́ ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òwò lákọ̀tun, wọ́n fi ọmọ sí ilé ìwé. A kò gbàgbé oríkì, a kò gbàgbé oúnjẹ. Ohun tí a bò mọ́lẹ̀ ni ìtàn ọ̀sẹ̀ méjì náà: ẹrù tí a tà lówó pọ́ọ́kú, gbèsè tí a kò rí gbà, ilé tí a tì tí a kò sì ṣí mọ́. Ìtìjú ni ó fa ìdákẹ́ yìí, nítorí ẹni tí ó lọ wá owó kò fẹ́ kí a mọ̀ pé òfìfo ni òun bọ̀.

Jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa, àwọn kan ṣe é lọ́nà mìíràn. Ní 1948, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní ilẹ̀ Gíríìkì, a kó nǹkan bí 28,000 ọmọdé kúrò ní àríwá ilẹ̀ náà lọ sí Yugoslavia, Hungary, Poland àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Makedóníà. Nígbà tí ìjọba Gíríìkì gba àwọn ogúnléndé ogun náà láàyè láti padà ní 1982, àwọn tí a kà sí ìran Gíríìkì nìkan ni ó gbà. Àwọn ọmọ Makedóníà wọ̀nyí ti dàgbà, wọ́n ti fọ́n ká dé Kánádà àti Ọsirélíà. Síbẹ̀ ní 1988, ogójì ọdún lẹ́yìn ìrìn náà, wọ́n pàdé ní Skopje. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ju èdè àti oúnjẹ lọ: ọjọ́ tí a yọ wọ́n nílé ni.

Bí àgbà bá ṣubú, a máa wo ẹ̀yìn. Ìdí tí ó fi yẹ kí a wo ẹ̀yìn kì í ṣe kí a lè máa sunkún. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá tí a lé wa, ìjọba Nàìjíríà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò nílùú. Àwọn ará Gánà tí ó lọ ju 1,000,000 lọ. Báàgì tí wọ́n fi di ẹrù wà lọ́jà wa dòní, Ghana Must Go ni à ń pè é, a sì ń fi orúkọ náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì tí a fún àwọn ẹlòmíràn kò yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì tí a fún wa. Bí a bá ti sọ ìtàn 1969 fún àwọn ọmọ wa bí ó ti yẹ, bóyá ọwọ́ wa ìbá wúwo láti kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Àkókò ń lọ. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1969 ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa báyìí. Kí ọmọ ilé jókòó tì í, kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó béèrè orúkọ ọjà, orúkọ onílé, orúkọ aládùúgbò tí ó ṣàánú. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wá ibi tó dára fi ìwé ìgbélùú àtijọ́ àti àwòrán pa mọ́. Iṣẹ́ yìí kan àwa oníròyìn pẹ̀lú, nítorí àwa ni a ni ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀.

Ní Burkina Faso fúnra rẹ̀, àwọn tí ìkọlù àwọn agbébọn lé kúrò nílé wọn ti ju 2,000,000 lọ nígbà tí ìjọba kà wọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Lára wọn ni ọmọ tí yóò dàgbà ní ẹ̀yìn ìlú Ouagadougou, tí yóò sì béèrè lọ́jọ́ kan pé kí ni ó gbé àwọn wá síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó bá ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ilé baba tí ó kọ́ ọmọ ní èdè tí kò sì sọ ìtàn fún un, ìdajì ogún ni ó fún un.