Owó-Orí àti Ìjíhìn: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Ẹ̀gbá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn baba ńlá Yorùbá kò mọ owó-orí rárá kí àwọn Òyìnbó tó dé. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò kún tó. Kò sí ìlú tí kì í náwó. Oníbodè a máa gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ní ẹnu ibodè. Ará ìlú a máa mọ odi, wọn a sì máa tún àfin ṣe. Ẹni tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ohun tí ó ṣàjèjì ni pé kí a ka orí ènìyàn bí ẹni ka iṣu, kí a sì bu owó lé e. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó wà níwájú ẹni tí ó bá ń ṣe ìwádìí nípa owó-orí kì í ṣe ti iye nìkan. Kí ni ó ń sọ owó-orí di ẹ̀tọ́? Kí ni ó sì ń sọ ọ́ di ìrẹ́jẹ? Ìtàn Ẹ̀gbá ní ìdáhùn sí i.

Láti ọdún 1898 ni Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá ti ń ṣàkóso Abẹ́òkúta, owó ibodè sì ni òpó tí ó gbé ara lé. Ní 1914, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí òmìnira náà. Ní 1918, ní àkókò Lugard, wọ́n gbé owó-orí wọ ìlú, nígbà tí iṣẹ́ àṣefipáṣe tí kò lówó nínú ti ń ni àwọn ènìyàn lára. Kò sí ẹni tí ó bi ará oko léèrè. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni ó kópa nínú rẹ̀. Wọ́n hú ojú irin, wọ́n sì pa Ọ̀ṣilẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni ìjọba fi ṣẹ́gun wọn. Ẹ̀mí ṣòfò, ṣùgbọ́n owó-orí dúró.

Ìjà kejì yàtọ̀. Àwọn obìnrin ni ó jà á, ìwé ìṣirò sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun ìjà wọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, obìnrin Ẹ̀gbá àti ti Ìjẹ̀bú ni wọ́n bu owó-orí lé lórúkọ ara wọn. Ní Abẹ́òkúta, ọmọbìnrin ọdún 15 ti wà lára àwọn tí ń san án. Iye kan náà ni wọ́n bù lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ẹni tí ń kiri iyọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó ní ìsọ̀ àdìrẹ. Bẹ́ẹ̀ ìka kò dọ́gba. Síbẹ̀, kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, olùkọ́ àgbà, ni ó ṣáájú Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí a mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1946. Ẹgbẹ́ náà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n sì gba oníṣirò owó láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Wọn kò wí pé kí ìlú má náwó. Wọ́n ní kí a bu owó-orí lé àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè tí ń jèrè ní ìlú, kí a sì ná owó sórí ìmọ́tótó àti ẹ̀kọ́. Ní ìparí oṣù Kọkànlá 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin yí àfin ká, wọ́n sì sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní oṣù Kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fagi lé owó-orí obìnrin, obìnrin mẹ́rin sì wọ inú ìgbìmọ̀. Ní oṣù Kejìlá 1950 ni Aláké padà.

Ní 1968 àti 1969, ìbéèrè kan náà tún jáde láti ẹnu àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà, èyíinì ni 30 ṣílè, ni wọ́n ní agbára àwọn mọ. Lẹ́yìn ìtàjẹ̀sílẹ̀ púpọ̀, ìjọba dín owó-orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì.

Ní 1776, Adam Smith ti Scotland kọ ọ́ sínú ìwé pé kí olúkúlùkù san owó-orí gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti mọ, kí iye rẹ̀ sì hàn gbangba. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta fi ohun kan kún un: ẹni tí ó san owó ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé. Nínú ìjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kì í ṣe ahun ni ó mú àwọn ènìyàn kọ owó-orí. Ẹni tí ó bu owó kò bi wọ́n, ẹni tí ó gbà á kò sì jíhìn fún wọn. Ìjọba tí ó fi ìbọn gba owó ní 1918 rí owó náà gbà. Kò rí ìfọkàntán gbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ìfọkàntán kì í ṣe ohun tí agbowó-orí lè fi tipá gbà.