Alágbàtà láti Ìgbà Kòkó dé Ìgbà Líńkì: Ohun Tó Gbé Òwò Kọmíṣọ̀n Ró ní Ìgbèríko Ìbàdàn

Kí ènìyàn máa bá ilé iṣẹ́ ńlá wá oníbàárà, kí ó sì máa gba kọmíṣọ̀n lórí ohun tó bá tà, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́ ará Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹ̀rúnmu tàbí Àkànrán. Alágbàtà ti wà lábúlé kí ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lọ́wọ́. Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì mú wá ni pé ilé iṣẹ́ tó wà ní òkè òkun lè mọ ẹni tó rán oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí i. Ní oṣù keje ọdún 1996 ni Amazon, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀: ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ yóò gba líńkì tí àmì tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, bí ẹnìkan bá sì gba ibẹ̀ wọlé ra ìwé, ó ti di owó fún un. Láti ìgbà náà ni òwò yìí ti tàn ká ayé. Èrò mi ni pé ohun méjì ló ń gbé e ró nígbà tí ọjà bá dojú rú: kí alágbàtà má jẹ́ ti ọ̀gá kan ṣoṣo, kí òṣùwọ̀n má sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Ìtàn kòkó ní àyíká Ìbàdàn ló fi èyí hàn jù.

Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, kòkó sì gba oko káàkiri. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bíi UAC àti John Holt kì í wọ oko lọ. Owó àsansílẹ̀ ni wọ́n ń fún oníṣòwò ńlá nígboro; òun a pín in fún àwọn tó ní òṣùwọ̀n, àwọn yẹn náà a fún àwọn kéékèèké tó ń gbé páànù kiri abúlé. Páànù yìí gan-an ni ká wò dáadáa. Àgbẹ̀ kó kòkó rẹ̀ tó ti sá gbẹ jáde, olùrà bù ú kún páànù, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó tún bù sí i títí ó fi ga gègèrè, ó wá dà á sínú àpò, ó ka oókan. Kò sí òǹtẹ̀ ìjọba lára páànù náà, àgbẹ̀ kò sì ní òmíràn tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kọmíṣọ̀n gbogbo àwọn tó wà láàárín, orí àgbẹ̀ ló ń já lé. Síbẹ̀ ètò náà lágbára: bí ẹni tó ń rà fún ilé iṣẹ́ kan kò bá dá owó tó dára, ti ilé iṣẹ́ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Agbára yẹn ló bọ́ ní ọdún 1937, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò máa ra kòkó. Ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, àgbẹ̀ àti alágbàtà jọ di kòkó mú fún ọ̀pọ̀ oṣù; ìgbìmọ̀ Nowell tó wá wádìí ọ̀rọ̀ náà sì dá àdéhùn yẹn lẹ́bi ní ọdún 1938. Ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ kan sá sí, lábẹ́ àwọn olórí bíi Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san, láti máa ta kòkó wọn pọ̀.

Láti ìgbà ogun Hitler ni ìjọba ti di ọ̀gá kan ṣoṣo. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ kòkó sílẹ̀ ní 1947, ìgbìmọ̀ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn sì gba ipò rẹ̀ ní 1954. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ nìkan ló lè rà fún un. Àwọn kan yóò sọ pé ètò yìí ló dára jù, torí pé iye owó kì í yí padà láàárín sáà, owó kòkó ló sì ran ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 lọ́wọ́. Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fojú kéré ilé ẹ̀kọ́ tí owó yẹn kọ́. Àmọ́ nígbà tí owó tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ kéré, tí owó orí ń ga, kò sí ibòmíràn tí kòkó lè gbà. Ìyẹn wà lára ohun tó bí ìjà àwọn àgbẹ̀ tí à ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, tí Tàfá Adéoyè ará Àkànrán jẹ́ aṣáájú rẹ̀, tí ẹ̀mí sì ṣòfò.

Nígbà tí ìjọba wá fòpin sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1986, olùrà pọ̀ bí eṣú, owó kòkó sì gbéra. Níbí ni àtakò tó lágbára jù wà: àwọn tó sáré wọ inú òwò náà ra kòkó tútù, wọ́n ra èyí tó ti bu, orúkọ kòkó Nàìjíríà sì bàjẹ́ lókè òkun. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń mẹ́nu ba òṣùwọ̀n pa pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá púpọ̀ láìsí ẹni tó ń la kòkó wò kí àpò tó di pípa, ìdàrúdàpọ̀ ni.

Ìtàn kan náà ló ń lọ lórí fóònù báyìí. Ọdún 2012 ni àwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Jumia ní àwọn aṣojú tó ń bá aládùúgbò ra ọjà, tí wọ́n sì ń gba kọmíṣọ̀n. Ní 2018 Konga bọ́ sọ́wọ́ Zinox; ní 2019 Jiji gba iṣẹ́ OLX ní orílẹ̀-èdè yìí. Orúkọ ilé iṣẹ́ ń yí, àmọ́ ẹni tí àwọn aládùúgbò fọkàn tán ṣì ní oníbàárà rẹ̀. Ẹ wá wo ẹni tó gbára lé ọ̀gá kan: ní oṣù kẹrin 2020, nígbà tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, Amazon gé kọmíṣọ̀n orí àga àti tábìlì láti ìdá 8 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ti oúnjẹ láti 5 sí 1. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wákàtí 24 péré náà ni líńkì rẹ̀ fi ń rántí ẹni tó rán oníbàárà wá. Bí oníbàárà kò bá ti kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ orí ìkànnì náà, tó wá padà wá rà á ní ọ̀túnla, iṣẹ́ alágbàtà ti já sófo. Páànù aláìlóǹtẹ̀ nìyẹn náà. Àwọn oní-POS abúlé ti gbọ́n ju èyí lọ: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lórí tábìlì tẹ́lẹ̀, kí iṣẹ́ má baà dúró bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀kan bá lọ.

Ẹlòmíràn yóò ní jìbìtì ni gbogbo rẹ̀, torí ohun tí ojú rí lọ́wọ́ àwọn ètò tó ṣèlérí èrè ńlá, tí owó àwọn ènìyàn sì há sí wọn lọ́wọ́: MMM ní oṣù kejìlá 2016 àti CBEX ní oṣù kẹrin 2025. Ìbẹ̀rù yẹn tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà láti fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Kọmíṣọ̀n alágbàtà ń ti ara ọjà tí ẹnìkan rà tó sì gbà wá. Bí owó bá ń ti ara ẹni tuntun tó ń wọlé wá, tí kò sí ọjà kan tó kúrò níbì kan dé ibì kan, ẹ má fi kọ́bọ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe òwò yìí ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ju ilé iṣẹ́ kan lọ, ẹ ka ìwé àdéhùn kọmíṣọ̀n tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá rán lọ rajà sínú ìwé tiyín.