Pípa Kòkòrò Àrùn Inú Omi Ìdọ̀tí Ìlú: Ibi Tí Omi Ń Lọ Ló Yẹ Kó Pinnu Ọ̀nà

Omi ìdọ̀tí ìlú tí wọ́n ti sẹ́, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sì ti silẹ̀, lè mọ́ lójú, síbẹ̀ kí kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò náà kí omi tó wọ odò. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀: klórínì, ìtànṣán ultraviolet àti ósóònù. Àríyànjiyàn lórí èyí tó dára jù kò lè tán, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ béèrè bí omi náà ṣe mọ́ tó àti ibi tó ń lọ.

Klórínì ń pa bakitéríà dáadáa bí ó bá pẹ́ tó nínú omi. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Cryptosporidium ní èèpo líle tí klórínì kì í sábà ràn. Klórínì tó ṣẹ́kù nínú omi tún ń pa ẹja, nítorí náà wọ́n ń fi sulphur dioxide tàbí sodium bisulphite pa agbára rẹ̀. Lọ́dún 1974, Johannes Rook ṣàlàyé láti ilẹ̀ Netherlands pé bí klórínì bá pàdé àwọn èròjà láti ara ewé tó jẹrà nínú omi, ó ń di trihalomethane, tí ìfura wà pé ó lè fa jẹjẹrẹ.

Ìtànṣán ultraviolet kì í fi oògùn kankan sínú omi. Ó ń ba DNA kòkòrò jẹ́ kó má lè bí sí i, Cryptosporidium kò sì lè dúró dè é. Fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ adenovirus ló máa ń bá a fà á. Bí omi bá rú, kòkòrò á fara pamọ́ sẹ́yìn ìdọ̀tí, ìtànṣán kò sì ní kàn án.

Ósóònù lágbára sí fáírọ́ọ̀sì, ó sì ń fọ́ àṣẹ́kù oògùn òyìnbó. Àmọ́ kì í pẹ́ tú ká, ibi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣe é, iná mànàmáná tó sì ń jẹ kò kéré. Níbi tí bromide bá wà, ó ń sọ ọ́ di bromate, èròjà tó léwu.

Ní agbègbè Chicago, àjọ kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo klórínì ní ilé-iṣẹ́ ìfọmi ìdọ̀tí Calumet lọ́dún 2015, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ultraviolet ní ti O'Brien lọ́dún 2016. Ní California, omi ìdọ̀tí tí wọ́n tún ṣe láti fi bomi rin oko, tí yóò sì kan èso jíjẹ, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú asẹ́ kọjá. Bí wọ́n bá lo klórínì, ó gbọ́dọ̀ wà nínú omi fún ìṣẹ́jú 90 ó kéré tán.

Nítorí náà, asẹ́ ló yẹ kí owó ìlú kọ́kọ́ lọ sí. Kò sí ọ̀nà kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè ṣàtúnṣe omi tí wọn kò sẹ́ dáadáa.