Òru Ẹ̀fẹ̀ àti Ìran Tí Kò Lópin

Àwọn baba wa ní ojú tó bá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. A máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí yangàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ dáadáa: ìran ní òpin. Ó ní òru tí wọ́n ń ṣe é, ó ní ọjà tí wọ́n ti ń ṣe é. Bí eré ọ̀sán ọjọ́ kejì bá sì ti parí, oníkálukú á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé Kétu ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. (Àwọn ará Ìlobí ní ìtàn tiwọn, a ò ní bá wọn jà lọ́jọ́ ọdún.) Ní 1886, ogun Dàhómì fọ́ ìlú, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Àgbómè. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhómì, àwọn tó padà bọ̀ tún ìlú tò, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì tún jáde.

Kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀ tí wọn kò fi jẹ́ kó kú? Ẹ wo òru Ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí òru bá jìn, Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á júbà àwọn ìyá wa, á júbà ọba, á súre fún ìlú. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi orin báni wí: olè, òpùrọ́, olóyè tó jẹ owó ìlú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohun tó bá sọ lóru yẹn mú un. Ẹni tí orin ń bá wí wà láàárín èrò, ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àna rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Gbogbo ọjà á gbe orin náà títí ọmọdé á fi mọ̀ ọ́n, á sì wà lẹ́nu aráalé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Eré ni, ilé ẹjọ́ sì ni. Agbára rẹ̀ ni pé gbogbo wa la jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Rédíò dé Kútọnu ní 1953, tẹlifíṣọ̀n ní 1978. Mi ò ní wọ́n ba nǹkan jẹ́: tẹlifíṣọ̀n kan láàárín agboolé, gbogbo ilé ló jọ ń wò ó. Àwọn agbẹ́gilére wa pàápàá kò bẹ̀rù nǹkan tuntun; wọ́n gbẹ́ alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Fóònù ló yàtọ̀. Ìran tirẹ̀ kì í mọ́júmọ́. Èèyàn márùn-ún á jókòó sórí ẹní kan, ìran márùn-ún ni wọ́n ń wò. Àwọn aláwàdà inú rẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni ní Kétu, wọn ò sì lè bá olè ọjà wa wí. Bí Ẹ̀fẹ̀ bá tilẹ̀ ń kọrin, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ á gbé fóònù sókè láti gbà á sílẹ̀. Ọwọ́ tó gbé fóònù kò ráyè pàtẹ́wọ́, ẹnu kò sì gbe orin. Orin wà nínú fóònù, kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹni tí wọ́n fi orin bá wí á sì sùn fọnfọn.

UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ọmọ aráyé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Inú wa dùn sí i, àmọ́ àkọsílẹ̀ kì í gbe orin. Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin aláṣẹ ìlú: lóru Ẹ̀fẹ̀, kí àwọn ilé ọtí tó yí ọjà ká pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀yin òbí, kí àwọn ọmọ ti kọ́ ègbè kí òru náà tó dé. Àwọn àgbà elégbè ṣì wà tó lè kọ́ wọn.