Igbákejì ni, àbí Olùrànlọ́wọ́? Àríyànjiyàn Lórí Àwọn Tó Ń Bá Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ṣiṣẹ́

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ẹnu ọ̀nà gírámà ni n ó gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà 'akọ́nimọ̀ọ́gbá' jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ aṣẹ̀dá tó dùn mọ́ mi jù lọ. Ẹ tú u palẹ̀ wò: a-, tí í ṣe mọ́fíìmù àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó ń tọ́ka sí olùṣe, kọ́, ẹni, mọ̀, ọ́n, gbá. Ẹni tó ń kọ́ ènìyàn kí ó lè mọ̀ ọ́n gbá. Odidi gbólóhùn ni wọ́n ká sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí ìgbà tí a ká ẹní. Ìgbà tí a bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó dúró ti akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wàhálà dé. Àwọn kan ń pè é ní igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá, àwọn mìíràn ń pè é ní olùrànlọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ìgbà mìíràn sì wà tí ẹnu kan náà yóò lo méjèèjì nínú ìròyìn kan. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ohun kan náà. Igbákejì ní ipò tirẹ̀. Ipò náà ti wà kí ó tó dé ibẹ̀, yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Igbákejì gómìnà kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ gómìnà (bí ọ̀pọ̀ gómìnà kò tilẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀). Olùrànlọ́wọ́ ní tirẹ̀, ẹnìkan ló ń ràn lọ́wọ́. Bí ẹni náà bá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ tán nìyẹn. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù wa ti ń bá ara wọn fà á láti ọjọ́ pípẹ́: bí olórí bá lọ, ṣé kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá a lọ?

Kì í ṣe orí pápá ni ìbéèrè yìí ti kọ́kọ́ dìde nílẹ̀ Yorùbá. Fún ìgbà pípẹ́ ní Ọ̀yọ́ Ilé, bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ, ìyẹn àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ ń lo agbára, gbọ́dọ̀ bá a kú. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì kò ní í kú ní tiwọn. Àwọn ni yóò jókòó láti yan ọba tuntun. Nínú ìjọba kan ṣoṣo, irú èkejì méjì ló wà: èyí tó jẹ́ ti ọba, àti èyí tó jẹ́ ti ìlú. Àtìbà, tó tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó, ló yí àṣà náà padà kí Adélù ọmọ rẹ̀ lè jọba lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859 tí Adélù sì gorí ìtẹ́, Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, fárígá pé òun kò mọ̀ ọ́n ní ọba. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun bẹ́ sílẹ̀, Ìjàyè sì fọ́ túútúú ní 1862. Òótọ́ ni pé ìjà agbára láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Kúrunmí fi ṣe àwíjàre nìyẹn. Ọlá Rótìmí, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tiwa níbí, fi ìtàn náà kọ eré oníṣe tó ń jẹ́ Kurunmi, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1971.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí pápá. Tòsí Ilé-Ifẹ̀ gan-an ni ọkùnrin tó wà ní àárín gbùngbùn àríyànjiyàn tó le jù lọ ti wá. Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́ tí wọ́n bí ní 1938, wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ikọ̀ orílẹ̀-èdè wa ní àkókò tí òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ní 1984, ó kó ikọ̀ Green Eagles lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Ivory Coast. Wọ́n fi pẹnáritì yọ Íjíbítì lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó dé àṣekágbá ní Abidjan. Mudashiru Lawal ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé, ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù gbá mẹ́ta sí i, wọ́n sì gba ife lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ikọ̀ Onígbìndé lọ́dún náà, orúkọ rẹ̀ ni Stephen Keshi. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, Sierra Leone na Nàìjíríà ní Freetown, wọ́n sì lé Bonfrere Jo lọ. Amodu Shaibu ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, Keshi jẹ́ igbákejì rẹ̀, Joe Erico sì ń bójú tó àwọn aṣọ́lé. Ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí nígbà yẹn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí là á. Ní oṣù keje, wọ́n na Ghana ní góòlù mẹ́ta sí òdo ní Port Harcourt, ọ̀nà Kòríà àti Jàpáànù sì ṣí. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2002, wọ́n gba ipò kẹta nínú Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali. Ipò kẹta yìí kò tẹ́ ìjọba lọ́rùn. Wọ́n tú ikọ̀ ká, wọ́n sì gbá Amodu, Keshi àti Erico lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Onígbìndé ni wọ́n ké sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ifẹ̀ nígbà náà. Ìjà tí a jà nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Lágere kò kéré. Àwọn kan ní kí wọ́n gbá gbogbo ilé náà mọ́, pé ẹni tó bá olórí jẹ nínú iyì gbọ́dọ̀ bá a jẹ nínú ẹ̀tẹ́. Àwọn mìíràn ní bí Amodu bá máa lọ, kí wọ́n fi Keshi sílẹ̀, nítorí òun ló mọ ẹni tó lè sáré àti ẹni tí orúnkún ń dùn. Ọ̀rọ̀ náà tún ní egbò mìíràn lára, nítorí ìjà Ifẹ̀ òun Modákẹ́kẹ́ kò tíì ju ọdún méjì lọ tó rọlẹ̀. Bí ènìyàn bá bu ẹnu àtẹ́ lu yíyàn Onígbìndé, ẹlòmíràn á kọ́kọ́ bi í léèrè apá ibi tó ti wá kí ó tó dá a lóhùn. Ó ṣòro láti jiyàn nípa igbákejì nígbà tí gbogbo ojú ń wo ìlú tí olórí ti wá.

Ní tèmi, Onígbìndé kọ́ ni mo dá lẹ́bi. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí wọ́n fún un, láìsí ẹnìkan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àná tí yóò fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ó fi Sunday Oliseh àti Finidi George sílẹ̀, ó kó àwọn ọ̀dọ́ lọ. Argentina na wọ́n ní oókan sí òdo, Sweden na wọ́n ní méjì sí oókan, wọ́n sì ta ọ̀mì aláìlámì-ayò pẹ̀lú England, níbi tí Vincent Enyeama ti kọ́kọ́ ṣọ́lé nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ohun tó burú ni pé wọ́n tún un ṣe. Amodu padà sí iṣẹ́ náà ní 2008, ó tún mú wa dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ó tún gba ipò kẹta nílẹ̀ Áfíríkà, ní Angola ní 2010, wọ́n sì tún lé e. Lars Lagerbäck ará Sweden ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Èsì rẹ̀ ní South Africa? Argentina na wá ní oókan sí òdo, Greece na wá ní méjì sí oókan, a sì ta ọ̀mì pẹ̀lú South Korea. Ẹ fi wé ti 2002.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Igbákejì Clemens Westerhof ni Bonfrere jẹ́ ní 1994. Òun ló kó ikọ̀ wa lọ gba góòlù Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996. Keshi tí wọ́n gbá dànù ní 2002 kọjá sí Togo, ó sì mú wọn yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Àwọn náà mú Otto Pfister ará Jámánì rọ́pò rẹ̀ kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀! Ní 2013, òun ló gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà fún Nàìjíríà, pẹ̀lú Daniel Amokachi gẹ́gẹ́ bí igbákejì, àti Ike Shorunmu, tó ṣọ́lé fún Onígbìndé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ní 2002, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àwọn aṣọ́lé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, Keshi kú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Amodu náà kú.

Àwọn tó ń sọ pé kí olórí tuntun kó àwọn tirẹ̀ wá kò kúkú sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ta ló fẹ́ kí ẹni tí kò fọkàn tán máa gbọ́ àṣírí òun? Nínú bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà (èyí tí ọwọ́ ń ṣe níbẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ), olórí tuntun sábà máa ń kó àwọn tirẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ igbákejì kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀: ẹnìkan ni ìkọlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnìkan ni ààbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó ọdọọdún àwọn kan nínú wọn ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, àwọn olólùfẹ́ sì ń bá ẹni tó ni iṣẹ́ wí. Tiwa, a kì í mọ ohun tí igbákejì ń ṣe títí wọn yóò fi lé e. Nígbà tí wọ́n fi Joseph Yobo rọ́pò Imama Amapakabo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gernot Rohr ní oṣù kejì ọdún 2020, gbogbo ìlú pariwo pé Yobo kò kọ́ ikọ̀ kankan rí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló béèrè ohun tí Imama ti ń ṣe níbẹ̀.

Wọ́n lé Rohr ní oṣù kejìlá ọdún 2021. José Peseiro dé ní 2022, Finidi George, tí Onígbìndé fi sílẹ̀ nílé lọ́jọ́sí, sì di igbákejì rẹ̀. Wọ́n dé àṣekágbá ní Abidjan ní oṣù kejì ọdún 2024, Ivory Coast na wọ́n. Peseiro lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n dá igbákejì dúró, wọ́n sì fi í ṣe olórí ní ìparí oṣù kẹrin. Ó ta ọ̀mì pẹ̀lú South Africa ní Uyo. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Benin na án ní méjì sí oókan, ní Abidjan kan náà. Rohr ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Benin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Finidi ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.